Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ìdìmú Onígi Tuntun Sára Dúrọ́ọ̀ Dírẹ́sà

Ibi tí iṣẹ́ ìdìmú dúrọ́ọ̀ ti máa ń bàjẹ́ kì í ṣe iwájú tí gbogbo ojú ń rí. Inú dúrọ́ọ̀ ni, níbi tí orí sìkúrúù jókòó sí. Ẹni tó bá ra ìdìmú tó wù ú lọ́jà láìkọ́kọ́ wọn bí ojú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ṣe nípọn tó, ó ṣeé ṣe kó délé kó rí i pé sìkúrúù kúrú, tí kò ní í lè di ìdìmú mú ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ó sì lè gùn jù, kí ìdìmú máa yí gbirigbiri láì fún. Nítorí náà, ìwọ̀n la ó fi bẹ̀rẹ̀, ká tó dé orí igi àti fáníìṣì.

Ohun tí ẹ máa wọ̀n kí ẹ tó lọ sọ́jà

Ẹ fa dúrọ́ọ̀ kan jáde pátápátá, ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, kí ẹ wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀. Ṣé pákó kan ṣoṣo ló wà níwájú ni, àbí méjì ló lẹ̀ mọ́ra? Ojú dúrọ́ọ̀ tí wọ́n fi pílíwúùdù tàbí pákó kan ṣe sábà máa ń jẹ́ 18 mm. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé wọ́n fi pílíwúùdù 12 mm kan àpótí dúrọ́ọ̀ lódindi, kí wọ́n tó wá lẹ ojú mìíràn tó jẹ́ 18 mm mọ́ ọn láti bo àpótí náà, àpapọ̀ rẹ̀ ti di 30 mm nìyẹn, sìkúrúù sì gbọ́dọ̀ la méjèèjì kọjá. Ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Tí ihò àtijọ́ bá ti wà níbẹ̀, ẹ ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú rẹ̀ títí dé òdìkejì, ẹ fi èékánná di ibi tó parí sí mú, kí ẹ fà á yọ, kí ẹ wọ̀n ọ́n lórí rúlà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọn bí ihò inú ìdìmú fúnra rẹ̀ ṣe jìn tó. Igi ìṣáná ti tó fún èyí. Ihò náà máa ń wà láàárín 10 mm sí 13 mm nínú ọ̀pọ̀ ìdìmú tí wọ́n ti ri idẹ eléyín (idẹ oníhò tí eyín sìkúrúù ń yí wọ̀) sínú wọn. Ìṣirò sìkúrúù kò le: bí ojú dúrọ́ọ̀ ṣe nípọn tó, ẹ fi 7 tàbí 8 mm lé e. Ojú dúrọ́ọ̀ 18 mm ń fẹ́ sìkúrúù 25 mm. Ojú dúrọ́ọ̀ 30 mm ń fẹ́ 40 mm, bí ihò ìdìmú bá jìn ju 10 mm lọ; bí kò bá jìn tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi wọ́ṣà kan tàbí méjì sábẹ́ orí sìkúrúù kí gígùn rẹ̀ lè dín kù, tàbí kí ẹ gé e. Ohun tó bá wọ inú idẹ kò gbọ́dọ̀ dín ní 6 mm. Eyín méjì tàbí mẹ́ta péré lè dì í mú lónìí, àmọ́ ọjọ́ tí ẹnì kan bá fi agbára fa dúrọ́ọ̀ tó kún fún aṣọ ni eyín wọ̀nyẹn máa jẹ.

Sìkúrúù ìdìmú kì í ṣe ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí káfíńtà fi ń de pákó mọ́ pákó. Tirẹ̀ rí bákan náà láti ọrùn dé ìdí, eyín rẹ̀ sì wẹ́. Èyí tí ẹ máa bá pàdé jù nínú ohun tó bá wá láti Ṣáínà tàbí Yúróòpù ni M4: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 4 mm, àlàfo láti eyín kan sí èkejì sì jẹ́ 0.7 mm. Amẹ́ríkà ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní 8-32, ìyẹn eyín 32 nínú íńṣì kan, bíi 0.8 mm láàárín eyín, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 4.2 mm. Tí ẹ bá kó àwọn méjèèjì sórí tábìlì, ojú kò lè yà wọ́n. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi sìkúrúù 8-32 sínú ìdìmú M4, á yí lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, á sì há. Ẹni tó bá fi ipá yí i síwájú á jẹ eyín idẹ run, ìdìmú náà sì ti di àpatì. M4 nínú ìdìmú 8-32 ní tirẹ̀ á wọlé fàlàlà, àmọ́ á máa mì. Kí ẹni tó ní dírẹ́sà tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà tó sì fẹ́ fi sìkúrúù àtijọ́ inú rẹ̀ de ìdìmú tuntun ṣọ́ra níbí gan-an. Ìka nìkan ni kí ẹ fi yí sìkúrúù sínú ìdìmú ní ìgbà àkọ́kọ́. Bó bá bá a mu, ìka yóò gbé e dé ìdí ihò láìsí wàhálà.

Irú ìdìmú àti irú igi

Oríṣi mẹ́ta ni ìdìmú onígi tí ẹ lè rí. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ti ri idẹ eléyín sínú ìdí rẹ̀. Òun ló rọrùn jù, òun náà la sì máa gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ fún dírẹ́sà tí wọ́n ń ṣí lójoojúmọ́. Ìkejì kò ní nǹkan kan nínú ju ihò kékeré lọ. Ìkẹta ní ìrù, ìyẹn ọ̀pá igi roboto tí wọ́n gbẹ́ mọ́ ọn lára, èyí tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ inú ihò láìsí sìkúrúù rárá. A ó padà sórí ìkẹta yìí.

Tí ẹ bá ra oríṣi kejì, ẹ má ṣe kan yí sìkúrúù M4 bọ inú igi lásán, nítorí eyín wẹ́wẹ́ kì í rí igi mú dáadáa. Ẹ wá sìkúrúù olórí méjì, èyí tí apá kan rẹ̀ ní eyín gàdàgbà fún igi, tí apá kejì sì ní eyín wẹ́wẹ́ fún nọ́ọ̀tì. Ihò 3 mm ni ẹ máa lu sínú ìdìmú fún M4. Nítorí pé sìkúrúù yìí kò ní orí tí sìkúrúdíráfà lè mú, ẹ yí nọ́ọ̀tì méjì sára apá eléyín wẹ́wẹ́, ẹ fún wọn mọ́ra wọn gírígírí, kí ẹ wá fi sípánà mú nọ́ọ̀tì tó wà lókè, kí ẹ fi wa sìkúrúù náà wọ inú igi. Tó bá ti wọlé tán, ẹ tú nọ́ọ̀tì méjèèjì. Apá eléyín wẹ́wẹ́ yìí ló máa la ojú dúrọ́ọ̀ kọjá, tí wọ́ṣà àti nọ́ọ̀tì kan yóò sì dè é láti inú.

Ní ti igi, apá, ìrókò, tíìkì, ọ̀gànwó àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ ló dára fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n le, wọ́n sì ń dán tí ọwọ́ bá ń kàn wọ́n. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti yí lórí ẹ̀rọ, ìdí nìyẹn tí àwọn ìdìmú olówó pọ́ọ́kú fi lè jẹ́ arère, àmọ́ èékánná lásán lè fi àpá sí i lára, idẹ tí wọ́n bá sì rì sínú rẹ̀ kì í pẹ́ yọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹni tó ń yí igi ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ lè ra ègé pákó ìrókò tàbí apá lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ pákó, bí irú ti ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn. Ohun tí ìdìmú mẹ́wàá máa gbà kò pọ̀. Kìkì pé kí igi náà gbẹ. Ìdìmú tí wọ́n bá fi igi tútù yí, bó ti wù kó rí roboto tó lórí ẹ̀rọ, á wá rí bí ẹyin nígbà tó bá gbẹ tán, ó sì lè là láti orí.

Ẹ wo iṣan igi náà pẹ̀lú. Tí ọrùn ìdìmú bá tẹ́ẹ́rẹ́, kí iṣan máa lọ láti ìdí sí orí, ní ìlà kan náà pẹ̀lú sìkúrúù. Bí iṣan bá dábùú, ọrùn náà lè ṣẹ́ wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń ṣẹ́ àgbàdo lára ṣírí. Ìṣòro kan wà nínú èyí tó lọ ní ìlà pẹ̀lú sìkúrúù o: eyín kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ìdí iṣan igi. Ẹ fi gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ méjì (èyí tí wọ́n ń pò láti inú túùbù méjì) díẹ̀ sínú ihò kí ẹ tó yí idẹ tàbí sìkúrúù olórí méjì wọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú.

Fún dúrọ́ọ̀ tó fẹ̀ tó 40 sm, ìdìmú kan tí fífẹ̀ orí rẹ̀ jẹ́ 30 mm sí 35 mm ti tó. Dúrọ́ọ̀ kékeré tí wọ́n ń kó yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn sí lè gba 25 mm. Dúrọ́ọ̀ tó bá ti kọjá 60 sm ní fífẹ̀ ń fẹ́ ìdìmú méjì, torí pé tí a bá ń fà á láti àárín nìkan, ẹ̀gbẹ́ kan yóò máa ṣáájú, yóò sì máa há. Ìdìmú gbọ́dọ̀ yọ síta tó 25 mm kí ìka lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ gbá mú. Ẹ ra ẹyọ kan lé ní iye tí ẹ nílò: méje fún dúrọ́ọ̀ mẹ́fà onídìmú kan, mẹ́tàlá fún onídìmú méjì. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, irú rẹ̀ lè má sí lọ́jà mọ́.

Ṣíṣí ti àtijọ́, àti ohun tí ẹ máa ṣe sí ihò rẹ̀

Kí ẹ tó tú ìdìmú àtijọ́, ẹ wò ó bóyá ọ̀dà tàbí fáníìṣì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú dúrọ́ọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi réésà yí ìdí rẹ̀ ká kí ọ̀dà náà gé. Tí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìdìmú á bó ọ̀dà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ dání bó ṣe ń jáde. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tú sìkúrúù láti inú.

Bí ti àtijọ́ bá jẹ́ roboto onísìkúrúù kan, tí ihò rẹ̀ sì wà níbi tó yẹ, inú yín dùn, ihò náà lẹ máa lò. Èyí tó ń fa iṣẹ́ ni ìdìmú gbọọrọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Àlàfo láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 76 mm lára ti Amẹ́ríkà, tàbí 96 mm àti 128 mm lára àwọn mìíràn. Tí ẹ bá fẹ́ fi roboto kan rọ́pò rẹ̀ sí àárín, ihò méjì ṣẹ́ kù tí ẹ gbọ́dọ̀ dí.

Ẹ má fi póòtì tàbí gọ́ọ̀mù nìkan dí ihò tó la pákó kọjá, torí á sún kì, á sì fi ojú ihò hàn lábẹ́ ọ̀dà. Igi ni kí ẹ fi dí i. Ihò 5 mm, ẹ fi bíìtì (irin ẹnu dírìlì tó ń lu ihò) 6 mm là á kó mọ́, kí ẹ wá ki ọ̀pá igi roboto 6 mm bọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá rí ọ̀pá bẹ́ẹ̀ rà lè fi ọ̀bẹ ha igi dídán kan títí yóò fi há nínú ihò. Igi sùúyà méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pa pọ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà ni kí ẹ fi pa á lára, kí ẹ fi òòlù rọra gbá a wọlé, kí ẹ jẹ́ kó yọ síta bíi 2 mm lójú méjèèjì. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ fi ṣísù tó mú gé e kó dọ́gba, kí ẹ fi sánpépà 180 nu ún. Bí àlàfo tín-ín-rín bá ṣì wà létí rẹ̀, ẹ fi ìyẹ̀ igi kan náà àti gọ́ọ̀mù díẹ̀ pò ó pọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀. Ìyẹ̀ tó bá wá láti inú sánpépà ló dára jù, torí ó kúná ju ti ayùn lọ.

Òótọ́ kan ni pé lára dúrọ́ọ̀ tí wọ́n fi fáníìṣì kùn, tí igi rẹ̀ ń hàn, ojú àbùlẹ̀ yìí á máa hàn sí ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Tí ẹ kò bá fẹ́ kùn ún lọ́dà, ọ̀nà méjì ló kù: kí ẹ fi ìdìmú roboto méjì sínú ihò méjèèjì bó ṣe wà, bí àlàfo wọn bá tó 96 mm sókè kí wọ́n má baà fún mọ́ra, tàbí kí ẹ gé pákó pẹlẹbẹ tó rẹwà kan tó máa bo ihò méjèèjì, kí ìdìmú sì jókòó lórí rẹ̀. Bí ẹ bá yan èyí kejì, ẹ rántí pé pákó náà ti fi 5 tàbí 6 mm kún bí ojú dúrọ́ọ̀ ṣe nípọn, sìkúrúù gbọ́dọ̀ gùn sí i.

Sísàmì

Ká mú dírẹ́sà kan tí dúrọ́ọ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó 76 sm, tó sì ga tó 20 sm. Ìdìmú kan máa wà ní 38 sm sí ẹ̀gbẹ́, 10 sm sí òkè. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ pín fífẹ̀ rẹ̀ sí mẹ́rin, kí ìkọ̀ọ̀kan wà ní 19 sm láti etí tirẹ̀. Dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ sábà máa ń ga ju ti òkè lọ. Bó bá ga tó 28 sm, ẹ gbé ìdìmú rẹ̀ sókè díẹ̀ ju àárín lọ, bíi 11 sm láti òkè rẹ̀, torí ẹni tó ń ṣí i ń bẹ̀rẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ti òkè bọ̀. Lójú tiwa, ó tún ń jẹ́ kí dírẹ́sà náà dúró dáadáa lójú ju kí gbogbo rẹ̀ wà láàárín lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ àárín gbùngbùn láìṣírò, ẹ na okùn láti igun kan sí igun kejì ní ìdábùú, ẹ tún na èkejì láti igun tó kù. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni.

Ohun tí a kì í sábà ránti ni pé dúrọ́ọ̀ tí wọ́n fọwọ́ ṣe kì í bá ara wọn mu délẹ̀. Ọ̀kan lè fẹ̀ ju èkejì lọ ní 3 mm, òmíràn sì lè jókòó sápá kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá wọn ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, àárín rẹ̀ á tọ́, síbẹ̀ ìlà ìdìmú láti òkè dé ìsàlẹ̀ á wọ́. Nítorí náà, ẹ dá gbogbo dúrọ́ọ̀ padà sí àyè wọn, ẹ lẹ téèpù bébà mọ́ ojú ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ so nǹkan wúwo kékeré mọ́ okùn, kí ẹ fi kọ́ láti orí dírẹ́sà gba àárín dúrọ́ọ̀ òkè wá sílẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi tọ okùn yìí. Bó bá yàtọ̀ sí àárín tí téèpù ìwọ̀n sọ, okùn ni kí ẹ gbà. Ojú máa ń rí ìlà ìdìmú tó wọ́ kíákíá, àmọ́ kì í rí 2 mm létí dúrọ́ọ̀.

Fún gíga rẹ̀, ẹ ṣe àwòṣe. Ègé pílíwúùdù 6 mm tó fẹ̀ tó ọwọ́ kan ti tó: ẹ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí rẹ̀ lókè kó lè kọ́ etí dúrọ́ọ̀, ẹ fa ìlà sí àárín rẹ̀, kí ẹ lu ihò 2 mm sórí ìlà náà ní ibi gíga tí ẹ ti yàn. Ẹ gbé e kọ́ dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ìlà rẹ̀ bá ìlà pẹ́ńsù mu, kí ẹ fi ìṣó ẹlẹ́nu mímú gún ojú ihò náà. Àpá ìṣó yìí ṣe pàtàkì; òun ni kì í jẹ́ kí bíìtì yọ̀ lọ síbòmíràn nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Kí ẹ tó lu ohunkóhun, ẹ fi téèpù lẹ ìdìmú kan tàbí méjì mọ́ ojú àpá náà, kí ẹ kẹ́sẹ̀ sẹ́yìn wò ó. Ẹ tún ṣí dúrọ́ọ̀ wò bóyá kì í ṣe orí ìṣó, igi tó ń gbé e ró tàbí etí àpótí inú ni sìkúrúù máa jáde sí.

Lílu ihò

Bíìtì méjì lẹ nílò: 2 mm láti ṣáájú, 5 mm láti parí rẹ̀. Ìdí tí a fi ń lo 5 mm fún sìkúrúù 4 mm ni pé idàjì mìlímítà yíká yẹn ló máa jẹ́ kí ẹ lè sún ìdìmú díẹ̀ kó bá ìlà mu kí ẹ tó fún un.

Láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn ni kí ẹ máa lu. Ibi tí bíìtì bá ti jáde ni igi ti ń ya jákujàku, ó sì sàn kó ya nínú ju kó ya níta lọ. Ṣùgbọ́n kó má tilẹ̀ ya rárá ló dára jù: ẹ gbé ègé pákó aláìlò sẹ́yìn ojú dúrọ́ọ̀, ẹ fi kíláǹpù dè é mọ́ ọn pinpin, kí bíìtì ti ojú dúrọ́ọ̀ bọ́ tààrà sínú pákó náà. Lórí pílíwúùdù tí ojú rẹ̀ tín-ín-rín àti ṣípùbọ́ọ̀dù, iṣẹ́ yìí kò ṣeé yọ sílẹ̀. Ẹ fi téèpù bébà sílẹ̀ níwájú títí ẹ ó fi lù ú tán.

Bíìtì gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Tó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójú 18 mm, orí ìdìmú á fì, etí ìdí rẹ̀ kan á sì gbé sókè kúrò lára pákó. Ẹni tí kò bá ní ọwọ́ tó gbà gbọ́ lè gbé sídíì àtijọ́ kan sójú dúrọ́ọ̀, kó ki bíìtì gba ihò àárín rẹ̀: bí bíìtì bá tọ́, òun àti àwòrán rẹ̀ lójú sídíì á di ìlà gbọọrọ kan, bí kò bá tọ́, wọ́n á ṣẹ́ kọ́rọ́. Ẹ yọ sídíì kúrò tí bíìtì bá ti mú ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dírìlì máa yí pẹ̀lẹ́, ẹ má tì í. Bí ẹ bá ń lu ìrókò, tàbí tí ẹ ń fi sánpépà nu ún, ẹ bo imú. Ìyẹ̀ rẹ̀ ń yún èèyàn lọ́fun àti lára.

Tí ihò bá yẹ̀ ní 1.5 mm, kò tíì bàjẹ́. Láti inú ni kí ẹ ti fi bíìtì 7 mm fẹ̀ ẹ́, kí ẹ sún sìkúrúù sí ibi tó yẹ, kí ẹ fi wọ́ṣà M4 tó fẹ̀ tó 12 mm sábẹ́ orí rẹ̀. Ìdí ìdìmú níwájú máa ń fẹ̀ tó láti bo ihò náà.

Fáníìṣì kí ó tó gun ara dúrọ́ọ̀

Ìdìmú tí kò tíì gba ohun kankan máa ń gba òógùn àti ìpara ọwọ́ sára, á sì dúdú lójú kan. Ẹ kùn ún kí ẹ tó dè é. Ẹ kọ́kọ́ fi sánpépà 120 nu ún, lẹ́yìn náà 180, kí ẹ fi 240 parí rẹ̀, kí ẹ sì máa tẹ̀lé iṣan igi. Ẹ yí sìkúrúù kọ̀ọ̀kan sínú ìdìmú, ẹ ki orí sìkúrúù bọ inú páálí líle kan kí wọ́n dúró bí olú, ẹ ó lè kùn wọ́n yíká láìfọwọ́ kàn wọ́n. Fáníìṣì tín-ín-rín lẹ́ẹ̀mẹta sàn ju èyí tó ki lẹ́ẹ̀kan lọ, pẹ̀lú sánpépà 240 fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ìkọ̀ọ̀kan. Nígbà òjò, ẹ fún un láyè ju ohun tí wọ́n kọ sára agolo lọ. Bí ó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka, kò tíì gbẹ.

Àwọn kan fẹ́ràn òróró lìnsíìdì ju fáníìṣì lọ, torí ọwọ́ máa ń mọ igi lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi àkísà pa á, kí ẹ nu àṣẹ́kù kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Àkísà náà o! Ẹ kò gbọ́dọ̀ ká a jọ jù sínú garawa tàbí igun ilé. Bí òróró yìí ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru jáde, àkísà tó bá ká jọ lè gbaná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta títí yóò fi gan.

Dídè é

Ẹ ki sìkúrúù láti inú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì yí ìdìmú sí i lára níta títí yóò fi kan ojú dúrọ́ọ̀. Bí ó bá ní iṣan tó rẹwà, ẹ yí i kí gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà, kí ẹ wá dì í mú gbọn-in nígbà tí sìkúrúdíráfà ń fún un láti inú. Tó bá ti kọ̀ láti yí lábẹ́ ọwọ́, ẹ fi ìdá mẹ́rin ìyípo kan kún un, ó tó. A kì í fi dírìlì iná fún ìdìmú onígi. Kí ẹni tó ń lò ó tó mọ̀, idẹ inú rẹ̀ ti yọ, tàbí kí ìdí ìdìmú ti rì sínú pákó. Lójú ṣípùbọ́ọ̀dù àti MDF (pákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀), wọ́ṣà 12 mm lábẹ́ orí sìkúrúù kì í ṣe ọ̀ṣọ́, òun ni kì í jẹ́ kí orí náà jẹ igi wọlé.

Ẹ fọwọ́ pa inú dúrọ́ọ̀ wò lẹ́yìn náà. Orí sìkúrúù tó yọ etí mímú á máa fa léèsì àti aṣọ òkè ya. Èyí tí orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, tó sì dán, ni kí ẹ rà, kò sì yẹ kó jẹ́ irin lásán, pàápàá ní Èkó àti àwọn ìlú etí òkun, kí ìpatà má baà pọ́n aṣọ funfun.

Bí sìkúrúù bá gùn jù, ẹ kọ́kọ́ yí nọ́ọ̀tì kan sí i lára kọjá ibi tí ẹ fẹ́ gé, kí ẹ fi ayùn irin gé e, kí ẹ fi fáìlì nu ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá tú nọ́ọ̀tì jáde. Bó ṣe ń jáde lá máa tún eyín tí ayùn ti tẹ̀ ṣe.

Ìdìmú onírù

Èyí ni wọ́n ń lò lára àwọn dírẹ́sà àtijọ́, bó bá sì jókòó dáadáa, ó lè pẹ́ ju dúrọ́ọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ wọn ìrù rẹ̀ ní tòótọ́, torí èyí tí wọ́n bá sọ pé ó jẹ́ 13 mm lè jẹ́ 12.5. Ihò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó wọlé pẹ̀lú ìtẹ̀ ọwọ́. Bó bá ń fẹ́ òòlù, gọ́ọ̀mù á nù dànù lójú ọ̀nà. Ẹ fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ la ìdí ìrù náà wọlé bíi 10 mm, ẹ pa gọ́ọ̀mù sí i lára, ẹ tì í wọlé, kí ẹ wá ti inú gbá abala igi líle tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ojú ibi tí ẹ là, kí ìrù náà fẹ̀ nínú ihò. Iṣan ojú dúrọ́ọ̀ máa ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, nítorí náà kí ojú ibi tí ẹ là dúró lóòró. Bí ẹ bá gbé e dábùú, abala igi náà á máa ti pákó sókè àti sísàlẹ̀, ojú dúrọ́ọ̀ á sì là ní ìlà iṣan rẹ̀. Ìrù náà kò gbọ́dọ̀ ní fáníìṣì tàbí òróró lára rí. Bó bá jẹ́ tíìkì, ẹ fi tínà nu ún kí ẹ tó pa gọ́ọ̀mù, torí igi yìí ní òróró tirẹ̀ nínú.

Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀

Nígbà ọyẹ́, igi máa ń gbẹ, á sì sún kì, ìdìmú tó fún gírígírí lóṣù kẹjọ lè máa yí lóṣù kìíní. Ẹ tún un fún láti inú, ìyẹn kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èyí tó bá ń dẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ tú u, ẹ kán kútẹ́ẹ̀sì kan sí eyín sìkúrúù, kí ẹ dè é padà nígbà tó ṣì tutù. Á dì í mú, síbẹ̀ ó ṣì ṣeé tú lọ́jọ́ iwájú. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù alẹ̀kíákíá sí i o.

Bí idẹ inú ìdìmú bá ti ń yí pẹ̀lú sìkúrúù, fífún kò lè ran an lọ́wọ́. Ẹ yọ idẹ náà, ẹ fọ ihò rẹ̀ mọ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ méjì rì í padà, kí ẹ ṣọ́ra kí gọ́ọ̀mù má wọ ojú eyín.

Lára dúrọ́ọ̀ olójú méjì, nígbà míì kì í ṣe ìdìmú ló ń mì, ojú ìta ló ti fẹ́ ṣí kúrò lára àpótí. Sìkúrúù ìdìmú nìkan kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó so wọ́n pọ̀. Ẹ fi sìkúrúù igi 25 mm mẹ́rin dè wọ́n láti inú, ọ̀kan nítòsí igun kọ̀ọ̀kan. Nínú 30 mm, ẹnu rẹ̀ kò ní yọ síta.

Ìdìmú tó bá sì ń já lára dúrọ́ọ̀ kan náà ní gbogbo ìgbà òjò, dúrọ́ọ̀ yẹn ni kí ẹ tọ́jú. Igi rẹ̀ ti wú, ó ń há, ìdìmú ló wá ń jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ fà á jáde, ẹ wo ibi tí ó ti ń dán nítorí ìfarakanra, ẹ fi sánpépà 120 dín in kù níbẹ̀, kí ẹ fi àbẹ́là funfun ra ibi tó ń gbà lọ gbà bọ̀ lójú méjèèjì. Bó bá ti ń fi ìka kan ṣí, ẹ wá dá ìdìmú padà.